ÈÉṢE TÍ A FI DÁ Ọ SÍ?

Ọjọ́ 27, Oṣù Kìíní
Ẹ̀KỌ́ PÀTÀKÌ FÚN ÀDÚRÀ ÒWÚRỌ̀

Bíbélì Kíkà: Mátíù 2:13-18, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 12:1-11
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Jẹ́nẹ́sísì 45:7 (Kí gbogbo ilé ṣí i, kí a kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta)
Orin: Kí olórí ìdílé dá orin ọpẹ́ kan

ÌFÁÀRÀ

Ní ọjọ́ ìsìn ìdúpẹ́ kan ní Bàrígà, arákùnrin kan jáde wá síwájú láti jẹ́rìí. Ọkọ̀ akérò tí ó wọ̀ dànù ní ọ̀nà Ìbàdàn. Ènìyàn mẹ́rin kú, ṣùgbọ́n òun jáde láìfarapa. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rin ìrìnàjò yẹn. Ẹni tó bá mọ Ọlọ́run rẹ̀ kò ní bá ikú òjijì pàdé!" Ìjọ hó yèè. Ìlù dún. Inú gbogbo wa dùn, ó sì yẹ kí inú wa dùn.

Ṣùgbọ́n ní ìjókòó ẹ̀yìn, arábìnrin kan rọra mú àpò rẹ̀, ó sì jáde. Oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà ni ọkọ rẹ̀ kú ní ọ̀nà Ìbàdàn kan náà. Òṣìṣẹ́ nínú ìjọ ni ọkọ rẹ̀. Òun náà gba ààwẹ̀, òun náà gbàdúrà kí ó tó jáde nílé. Arábìnrin yìí kò wá sí ìsìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ilé rẹ̀ ní Ìlàjẹ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: "Ṣé ọkọ mi kò gbàdúrà tó ni?"

A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè rẹ̀ ni ó mú wa wá sínú ẹ̀kọ́ òní. Bí Olúwa bá dá mi sí níbi tí ẹlòmíràn kú sí, kí ni mo lè sọ? Èwo ni kò yẹ kí n sọ? Kí sì ni ó yẹ kí n fi ẹ̀mí tí ó kù mí kù ṣe?

ỌMỌ TÍ HẸ́RỌ́DÙ KÒ RÍ PA

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí a kà nínú Mátíù. Áńgẹ́lì kìlọ̀ fún Jósẹ́fù lójú àlá. Lóru náà ni ó gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀, wọ́n sì sá lọ sí Íjíbítì. Jésù yè. Ògo ni fún Ọlọ́run! Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a ń sọ ìtàn náà ní àkókò ìjẹ́rìí, ó ṣeé ṣe kí á dúró níbẹ̀, kí á ní kí wọ́n lu ìlù fún wa.

Mátíù kò dúró níbẹ̀. Ó sọ pé Hẹ́rọ́dù ránṣẹ́ pa àwọn ọmọkùnrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, láti ọmọ ọdún méjì wálẹ̀. Ó rántí ẹkún Rákélì tí ẹnikẹ́ni kò lè rẹ̀. Ẹ̀mí Mímọ́ fi ẹkún àwọn ìyá wọ̀nyẹn sí ojú ìwé kan náà pẹ̀lú bí Olúwa wa ṣe là. Kò sọ pé àwọn òbí wọn kò gbàdúrà. Kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n dá.

Ohun kan náà ni a rí nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12. Hẹ́rọ́dù mìíràn fi idà pa Jákọ́bù. Ó mú Pétérù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n áńgẹ́lì wá, ẹ̀wọ̀n já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn irin sì ṣí fúnra rẹ̀. Ìjọ kan náà ni àwọn méjèèjì wà, Olúwa kan náà ni wọ́n ń sìn. Ta ni nínú wa tí yóò dìde láti sọ pé Pétérù mọ Ọlọ́run ju Jákọ́bù lọ? Hébérù orí 11 pẹ̀lú sọ fún wa ní ẹsẹ 34 pé nípa ìgbàgbọ́ àwọn kan bọ́ lọ́wọ́ idà. Ní ẹsẹ 37, a fi idà pa àwọn mìíràn, ìgbàgbọ́ kan náà sì ni wọ́n ní.

Nígbà tí ilé ìṣọ́ wó pa ènìyàn 18 ní Sílóámù, Jésù kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó kú pọ̀ ju ti àwọn tó kù láàyè lọ (Lúùkù 13:4-5). Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó ti pa ẹnu ìyangàn mọ́.

ÌDÍ TÍ ÒNÍ FI ṢE PÀTÀKÌ

Ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 1945, ni àwọn ọmọ-ogun Soviet wọ àgọ́ Auschwitz ní ilẹ̀ Pólàǹdì, tí wọ́n sì tú àwọn tó kù níbẹ̀ sílẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe pinnu ní ọdún 2005 pé ọjọ́ yìí ni kí gbogbo ayé máa fi rántí ìpakúpa àwọn Júù tí a mọ̀ sí Holocaust. Hitler àti àwọn Násì gba ìjọba ní Jámánì ní ọdún 1933. Nígbà tí ogun fi parí ní 1945, wọ́n ti pa nǹkan bí 6,000,000 Júù. Nǹkan bí 1,500,000 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Bí a bá kó àwọn ọmọ náà sí kíláàsì, ọgbọ̀n ọmọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíláàsì 50,000 ni yóò kún, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì dàgbà.

Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà là. A fẹ́ gbọ́ ìtàn ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé nígbà tí ó dàgbà, ó jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ lórí ẹjọ́ kan tí ó kan orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà.

ỌMỌ JÚÙ KAN NÍNÚ INÁ

Thomas Buergenthal ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 1934, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Ľubochňa, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Czechoslovakia nígbà náà. Mundek ni bàbá rẹ̀, Gerda ni ìyá rẹ̀. Òun nìkan ni wọ́n bí, Tommy ni wọ́n sì ń pè é. Bí agbára Hitler ti ń gbilẹ̀, ìdílé náà sá wọ Pólàǹdì. Wọ́n ti gba ìwé àṣẹ láti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ máa lọ ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1939. Ọkọ̀ òfurufú Jámánì kọlu ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n wọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ìlú Kielce, ibẹ̀ ni ọwọ́ sì ti tẹ̀ wọ́n.

Ní Kielce, wọ́n há àwọn Júù mọ́ apá kan ìlú. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1942, wọ́n kó nǹkan bí 20,000 nínú wọn lọ sí Treblinka láti pa wọ́n. Wọ́n dá àwọn díẹ̀ tó lágbára iṣẹ́ sí. Mundek àti Gerda wà lára wọn, ọmọ wọn sì wà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí àwọn Násì ní kí a kó àwọn ọmọdé tó kù jáde. Tommy bọ́ síwájú ọ̀gá àwọn ọmọ-ogun náà, ó sì fi èdè Jámánì sọ fún un pé òun lè ṣiṣẹ́. Ọ̀gá náà wò ó, ó sì dá a padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù kò padà. Ọmọ méjì tí Mundek àti Gerda ti gbà sílé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wà lára àwọn tí wọ́n pa.

Ará, dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ilé kan náà ni àwọn ọmọ mẹ́ta wọ̀nyí ń gbé, ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù.

Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1944, wọ́n kó wọn lọ sí Auschwitz. Níbẹ̀, bí ọkọ̀ ojú irin bá ti gúnlẹ̀, àwọn Násì a máa ṣa àwọn ènìyàn. Ẹni tó lè ṣiṣẹ́ yóò lọ sí apá kan. Ọmọdé, arúgbó àti aláìlera yóò lọ tààrà sí ilé gáàsì olóró. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tiwọn dé, wọn kò ṣa ẹnikẹ́ni. Báyìí ni ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe wọ ibi tí ọmọdé kì í wọ̀ láàyè. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ nọ́ńbà B-2930 sí apá rẹ̀. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ bí yóò ṣe máa dúró sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń ka àwọn ẹlẹ́wọ̀n, kí ó lè tètè yọ́ pamọ́ bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn tí wọn yóò pa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú bàbá náà lọ síbòmíràn. Tommy kò fojú kàn án mọ́. Ó kú ní àgọ́ Buchenwald ní oṣù Kìíní, ọdún 1945.

Nínú oṣù Kìíní kan náà, kí àwọn ọmọ-ogun Soviet tó dé, àwọn Násì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́wọ̀n jáde kúrò ní Auschwitz nínú yìnyín. Tommy fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣubú, ìbọn ni wọ́n yìn fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n dì wọ́n sínú ọkọ̀ ojú irin tí kò ní òrùlé, òtútù ń pa wọ́n, ebi ń pa wọ́n, títí wọ́n fi dé àgọ́ Sachsenhausen nítòsí Berlin. Yìnyín ti ba ẹsẹ̀ ọmọ náà jẹ́. Wọ́n gé méjì nínú ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

ỌWỌ́ ÈNÌYÀN NI ỌLỌ́RUN Ń LÒ

Bí a bá wo ìtàn yìí dáadáa, a óò rí i pé ọwọ́ ènìyàn pọ̀ nínú bí ọmọ náà ṣe là. Ẹ jẹ́ kí á mú méjì.

Èkíní: nígbà tí ọkọ̀ ojú irin aláìlórùlé yẹn ń kọjá ní ilẹ̀ Czechoslovakia, àwọn ará ibẹ̀ dúró lórí afárá, wọ́n sì ń ju búrẹ́dì sílẹ̀ sínú ọkọ̀ náà. Ogun mú àwọn náà, oúnjẹ sì wọ́n. Wọn kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ náà. Búrẹ́dì yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí Tommy kú sí ọ̀nà. Nítorí náà, ìwọ tí o ń ta búrẹ́dì, ìwọ tí o ń se ẹ̀wà ní ẹnu ọ̀nà, má ṣe sọ pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kéré jù fún Ọlọ́run láti lò.

Èkejì: ní ilé ìwòsàn àgọ́ Sachsenhausen, ẹlẹ́wọ̀n kan tí ó wá láti Norway rí ọmọ náà lórí ibùsùn. Odd Nansen ni orúkọ rẹ̀. Kí ogun tó dé ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ti ń ran àwọn tí ìjọba Hitler lé kúrò nílé lọ́wọ́. Ẹlẹ́wọ̀n ni òun náà, ṣùgbọ́n ó ń mú oúnjẹ wá fún ọmọ náà nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé. Ó tún ń fún ẹni tí ń ṣọ́ àwọn aláìsàn ní ẹ̀bùn, kí ó má baà fi ọmọ náà sínú àwọn tí wọn yóò pa. Lẹ́yìn ogun, ọmọ náà àti Nansen tún rí ara wọn.

Nansen kò lè gba gbogbo ọmọ là. Ó ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká fún ọmọ kan.

ÌYÁ TÍ KÒ DÁWỌ́ DÚRÓ

Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1945, ìdáǹdè dé sí Sachsenhausen. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Tommy, kò ní bàbá, kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Àwọn ọmọ-ogun Pólàǹdì mú un sọ́dọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú un lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí àwọn Júù ní ìlú Otwock.

Ṣùgbọ́n Gerda ìyá rẹ̀ kò kú. Òun náà ti la àgọ́ ìfìyàjẹni Ravensbrück já, ó sì ti padà sí Göttingen, ìlú rẹ̀ ní Jámánì. Àwọn ènìyàn rò pé ọmọ kékeré kò lè jáde láàyè ní Auschwitz. Gerda kò gbà. Ó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1946, ìyá àti ọmọ fojú kan ara wọn. Ó ti lé ní ọdún méjì tí wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyá kan wà nínú ilé yìí lówùúrọ̀ yìí tí ọmọ rẹ̀ ti rìn jìnnà, tí kò pè, tí kò kọ̀wé. Mama, ẹ má ṣe pa orúkọ ọmọ yín rẹ́ nínú àdúrà.

ÌKÓRÌÍRA NÁÀ FẸ́ JOGÚN Ọ

Ohun kan wà tí ọkùnrin yìí jẹ́wọ́ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ní Göttingen, ó máa ń rí àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń ṣe fàájì lọ pẹ̀lú ọmọ wọn ní ọjọ́ Ìsinmi bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ a gbóná. Ó wù ú kí òun ní ìbọn kí òun lè yìn ín lù wọ́n. Ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá ni. Ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi là sí i pé bí òun bá ń kórìíra gbogbo ẹni tí ń sọ èdè Jámánì, ohun tí àwọn Násì ṣe ni òun náà fẹ́ ṣe yẹn. Wọ́n kórìíra òun nítorí ìran tí a bí òun sí. Bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn, Hitler ti jogún òun nìyẹn. Kò gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe fún wọn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ìgbẹ̀san lọ.

Ará, ẹ má ṣe rò pé ilé gáàsì ni àwọn Násì fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, ọdún 1933, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà lọ́wọ́ Júù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń tóbi sí i. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, Yorùbá, Ìgbò, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn àti Haúsá jọ ń gbé inú ilé kan náà, a jọ ń pọn omi nínú kànga kan náà. Nígbà tí o bá gbọ́ pé, "Àwọn ènìyàn wọ̀nyí, bákan náà ni gbogbo wọn," má ṣe Àmín sí i, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni ó sọ ọ́, ì báà jẹ́ àsìkò ìbò.

ỌMỌ TÍ Ó DI ADÁJỌ́

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1951, Thomas wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin. Ọmọ tí kò sí òfin kankan tí ó gbà á sílẹ̀ fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ mú kí òfin lè gba ẹlòmíràn sílẹ̀. Láti 1979 sí 1991, ó jẹ́ adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ó wà níbẹ̀ ní ọdún 1988 nígbà tí ilé-ẹjọ́ náà dá ìjọba Honduras lẹ́bi nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gbé lọ tí ìdílé rẹ̀ kò rí mọ́. Ọmọ tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ náà.

Láti ọdún 2000 sí 2010, ó jẹ́ adájọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kàn wá. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ náà dá ẹjọ́ Bakassi láàrin Cameroon àti Nàìjíríà. Buergenthal wà lórí ìjókòó. Ọmọ wa, Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, wà níbẹ̀ pẹ̀lú gẹ́gẹ́ bí adájọ́ tí Nàìjíríà yàn. Wọn kò fi ẹnu kò. Buergenthal wà lára àwọn 13 tí wọ́n ní Cameroon ló ni Bakassi. Ajíbọ́lá wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọ̀. Ìdájọ́ náà dun ọ̀pọ̀ wa. Síbẹ̀, ìwé ni wọ́n fi jà, wọn kò fi ìbọn jà. Ajíbọ́lá fúnra rẹ̀ ni ó tún léwájú àwọn aṣojú Nàìjíríà nínú ìgbìmọ̀ tí ó rí sí i pé a fi àlàáfíà yanjú ọ̀rọ̀ ààlà náà.

Ọdún 1934 kan náà ni wọ́n bí àwọn ọkùnrin méjèèjì, Ajíbọ́lá ní oṣù Kẹta, Buergenthal ní oṣù Karùn-ún. Ọdún 2023 kan náà ni wọ́n kú, Ajíbọ́lá ní oṣù Kẹrin, Buergenthal ní oṣù Karùn-ún. Ọ̀kan jẹ́ Júù, èkejì jẹ́ Mùsùlùmí. A kò ní fi ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ sí wọn lẹ́nu. Buergenthal kò sọ pé òun là nítorí pé òun dára ju àwọn ọmọ Kielce lọ. Ọmọ olóríire ni ó pe ara rẹ̀ nínú àkọlé ìwé rẹ̀. Àwa tí a mọ Olúwa tí ó ń dá ẹ̀mí sí, ǹjẹ́ ó yẹ kí ìgbéraga wa pọ̀ ju tirẹ̀ lọ?

ỌMỌ ÒṢOOGÙN

Bóyá ẹnìkan ń sọ lọ́kàn pé, "Ọ̀nà yẹn jìn sí wa." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á padà sí Bàrígà. Gbogbo wa ni a mọ ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School. Ọdún 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó, òun sì ni ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tó lọ́jọ́ lórí jùlọ ní Nàìjíríà. Ọdún 1959 ni ó kó wá sí Bàrígà. Ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Samuel Àjàyí Crowther ni.

Ta ni Àjàyí? Ọmọ tí a dá sí ni òun náà. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú jó ìlú Òṣoogùn, wọ́n fi okùn so ọmọ náà mọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ Àfálà ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ẹrú. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì mú un lọ sí Sierra Leone. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ, ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n yà wọ́n, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n kó lẹ́rú ní ayé ìgbà náà tí ìyá wọn kò rí mọ́. Àjàyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe fàájì. Ní ọdún 1864, ó di Bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni ó ṣíwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Bíbélì Yorùbá tí o ṣí lówùúrọ̀ yìí, ọwọ́ ọmọ tí a dá sí ni ó ti kọjá kí ó tó dé ọwọ́ rẹ.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Àwọn àgbà máa ń sọ nípa ogun pé, "Ẹni orí yọ, ó dilé." Kí oníkálukú sáré gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Jósẹ́fù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ẹsẹ àkọ́sórí wa. Jósẹ́fù yọ nínú kòtò, ó yọ nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì mọ̀ pé nítorí ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn ni Ọlọ́run fi rán òun ṣáájú. Ẹ́sítérì 4:14 sọ irú rẹ̀ fún wa: ẹni tó wà láàfin kò gbọdọ̀ rò pé tòun nìkan ni.

1. Jẹ́rìí pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Dúpẹ́, jó, yọ̀! Ṣùgbọ́n sọ pé, "Olúwa dá mi sí, n kò mọ ìdí tí ó fi jẹ́ èmi. Ẹ bá mi gbàdúrà fún ìdílé àwọn tó kù sẹ́yìn."

2. Má ṣe sọ ìdí ikú ẹlòmíràn tí Ọlọ́run kò sọ fún ọ. Jókòó ti ẹni tí ń sunkún (Róòmù 12:15). Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje tí wọ́n dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́.

3. Wá iṣẹ́ tí a dá ọ sí fún. Níbo ni ó ti dùn ọ́ jù? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ wà. Ẹni tí ó mọ ebi ni kí ó rántí ọmọ tí kò jẹun. Ẹni tí ó la àìsàn já ni kí ó lọ sí wọ́ọ̀dù.

4. Má ṣe jẹ́ kí ẹni tó pa ọ́ lára tún sọ ọ́ di irú ara rẹ̀.

ÌPARÍ

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ arábìnrin wa ṣe rí. Pásítọ̀ pe arákùnrin tí ó jẹ́rìí náà, ó sọ ọ́ fún un ní ìkọ̀kọ̀. Omi bọ́ lójú arákùnrin náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé arábìnrin yẹn ní Ìlàjẹ. Kò wàásù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ forí jì mí, mo sọ̀rọ̀ láìronú." Wọ́n jọ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni arákùnrin náà ń lò ní Ṣómólú. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, ó mú ọmọkùnrin àgbà arábìnrin náà sọ́dọ̀, ó ń kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìjẹ́ kí ìjọ gbọ́.

Arábìnrin náà ti padà sí ìjọ. Kò tíì rí èsì ìbéèrè rẹ̀, àwa náà kò sì tíì rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹkún bá gbọ̀n ọ́n lójijì nínú ìsìn, ìyàwó arákùnrin yẹn ni ó máa ń lọ jókòó tì í.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Ǹjẹ́ ìjẹ́rìí mi ti dá ọgbẹ́ sí ẹnìkan lára rí? Ṣé mo lè lọ bá a lónìí?
2. Ta ni Ọlọ́run lò láti dá mi sí? Ṣé mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?
3. Ẹ̀yà tàbí ìdílé wo ni mo kórìíra láìjẹ́wọ́ rẹ̀?

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, mo dúpẹ́ pé mo jí lónìí. Kì í ṣe nítorí òdodo mi, ní orúkọ Jésù.
2. Olúwa, tu gbogbo opó, ọmọ òrukàn àti òbí tí ọmọ wọn kú nínú, ní àdúgbò wa, ní orúkọ Jésù.
3. Baba, fi iṣẹ́ tí o dá mi sí fún hàn mí, má sì jẹ́ kí n sùn lé e lórí, ní orúkọ Jésù.
4. Olúwa, fa gbòǹgbò ìkórìíra tu nínú ọkàn mi, nínú ilé mi àti ní Nàìjíríà, ní orúkọ Jésù.
5. Baba, ọmọ yòówù tó sọnù nínú ìdílé yìí, mú un padà wálé, ní orúkọ Jésù. Àmín.

IṢẸ́ ṢÍṢE FÚN ÒNÍ: Kí ilẹ̀ tó ṣú, lọ kí ẹnìkan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mú búrẹ́dì lọ́wọ́.